Onípìn-ín àti Awínni: Àlàyé Díẹ̀ lórí Fífi Owó Dókòwò

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. A ń kọ́ bí a ti í to ẹ̀kọ́ lẹ́sẹẹsẹ, bí a ti í mú kí kíláàsì dákẹ́ láìgbé pàṣán, àti bí a ti í mú kí ìṣirò yé ọmọ kékeré. Ṣùgbọ́n láìpẹ́, olúkúlùkù wa yóò gba owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́, bí owó náà bá sì ti ń wọ ọwọ́ ni ìmọ̀ràn yóò máa wọ etí. Ọ̀rẹ́ kan yóò ní kí a ra ìpín ilé-iṣẹ́. Òmíràn yóò ní kí a yá ìjọba lówó. Ẹ̀kẹta yóò sọ ti ẹgbẹ́ kan tí ó ń sọ ọgọ́rùn-ún di igba kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìmọ̀ràn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lè sọ iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá nù ní ọ̀sẹ̀ kan. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a kọ ìwọ̀nba tí ó yé wa nípa ọ̀ràn náà sílẹ̀ ní èdè ara wa, kí ẹni tí ó bá kà á lè tún un sọ fún bàbá àti ìyá rẹ̀ nígbà tí ó bá lọ lo ìsinmi ní ilé.

Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ ni pé kíkó owó jọ jẹ́ ohun kan, fífi owó ṣiṣẹ́ sì jẹ́ ohun mìíràn. Àwọn baba wa mọ kíkó owó jọ dáadáa. Ẹni tí ó ń dá àjọ lọ́dọ̀ alájọ ń kó o jọ. Ẹgbẹ́ tí ó ń dá èésú ń kó o jọ pẹ̀lú, tí wọn yóò kó o fún ọ̀kan ní oṣù yìí, tí wọn yóò sì kó o fún òmíràn ní oṣù tí ń bọ̀. Àṣà rere ni èyí, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fi ojú tín-ín-rín rẹ̀, nítorí ẹni tí kò lè kó owó jọ kò lè fi owó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n iye tí ènìyàn bá dá náà ni yóò kó. Owó náà kò bímọ. Bí ọjà bá sì ń gbówó lórí, owó tí kò bímọ ń rù ni. Bí a bá ra kóńgò gààrí kan ní ₦1,000 ní ọdún yìí, tí ó sì di ₦1,200 ní ọdún tí ń bọ̀, ẹni tí ó fi ₦1,000 pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí yóò bá ₦1,000 rẹ̀ níbẹ̀. Olè kò jí i, eku kò jẹ ẹ́, síbẹ̀ kò lè ra kóńgò kan pé mọ́. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a wá iṣẹ́ fún owó.

Ọ̀nà méjì péré ni owó lè gbà ṣiṣẹ́ fún ẹni tí kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣòwò. Yálà kí ó fi owó náà di ọ̀kan nínú àwọn tí ó ni òwò, tàbí kí ó wín àwọn tí ó ni òwò ní owó. Ohunkóhun tí àwọn oníbáńkì bá sọ lẹ́yìn èyí, bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀kan nínú méjèèjì ni, tàbí àdàlù wọn. Ẹ jẹ́ kí a fi abúlé kan ṣe àpẹẹrẹ.

Abúlé náà ní ẹ̀gẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀rọ tí a fi ń rin ín, àwọn obìnrin sì ń ru ẹ̀gẹ́ wọn lọ sí ìlú kejì. Àgbẹ̀ mẹ́wàá fi orí kan orí, olúkúlùkù dá ₦100,000, owó náà di ₦1,000,000, wọ́n sì fi ra ẹ̀rọ. Ó wá ku owó tí wọn yóò fi kọ́ ilé tí ẹ̀rọ yóò wà àti èyí tí wọn yóò fi ra epo. Wọ́n tọ ìyá àgbàlagbà kan lọ tí ó ń ta obì, wọ́n sì yá ₦500,000 lọ́wọ́ rẹ̀. Àdéhùn wọn ni pé wọn yóò máa san èlé ₦15 lọ́dún lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan, èyí tí í ṣe ₦75,000 lọ́dún, àti pé wọn yóò dá odindi owó ìyá padà ní òpin ọdún kẹta.

Àwọn àgbẹ̀ mẹ́wàá náà ni a ń pè ní onípìn-ín. Ìyá olóbì ni awínni. Ẹ wo bí ọ̀ràn wọn yóò ti rí.

Bí ọdún bá dára, tí ẹ̀gẹ́ sì pọ̀, wọn yóò san owó òṣìṣẹ́, wọn yóò ra epo, wọn yóò tún ẹ̀rọ ṣe, yóò sì ku ₦400,000. Ìyá yóò gba ₦75,000 rẹ̀. Èyí tí ó kù, ₦325,000, ni àwọn mẹ́wàá yóò pín, olúkúlùkù yóò sì gba ₦32,500. Onípìn-ín jèrè ju ìyá lọ lọ́nà méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan tí ó dá. Bí ọdún kò bá dára, tí ó sì jẹ́ pé ₦80,000 péré ni ó kù, ìyá yóò tún gba ₦75,000 rẹ̀ láìdín kọ́bọ̀. ₦5,000 ni àwọn mẹ́wàá yóò pín, ₦500 ni yóò sì kan ẹnìkọ̀ọ̀kan. Bí òwò náà bá bàjẹ́ pátápátá ńkọ́, tí wọn sì ta ẹ̀rọ ní ₦400,000? Ìyá ni yóò gba gbogbo rẹ̀, yóò sì ku ₦100,000 tí kò rí gbà nínú owó rẹ̀. Àwọn onípìn-ín kò ní rí nǹkan kan.

Ẹ kíyèsí i, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, pé ibi tí ènìyàn dúró sí ní ẹnu ọ̀nà ni ó fa gbogbo ìyàtọ̀ yìí. Awínni ni ó kọ́kọ́ na ọwọ́ nígbà tí a bá ń pín, ṣùgbọ́n iye tí a bá a ṣe àdéhùn ni yóò gbà, kì yóò gba jù bẹ́ẹ̀ bí òwò náà tilẹ̀ so bí igi ọsàn. Onípìn-ín ni ó kẹ́yìn, òun ni ó sì ń kọ́kọ́ pàdánù. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí ó bá ṣẹ́kù, tirẹ̀ ni, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ fún un pé ó ti tó. Ewu àti èrè ń rìn pọ̀ bí ènìyàn àti òjìji rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ fún wa pé òun ní èrè onípìn-ín tí ewu rẹ̀ kò tó ti awínni, ẹ jẹ́ kí a bi í léèrè ẹni tí ó gbé ewu tí ó kù.

Nísinsin yìí, jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ mẹ́wàá náà fẹ́ gba owó rẹ̀ padà nítorí ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Wọn kò lè gé ìdá mẹ́wàá ẹ̀rọ fún un. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó ta ìpín rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bí ó bá jẹ́ ọdún tí ó dára ni, ẹni tí yóò rà á lè san ₦150,000 fún ohun tí a dá ₦100,000 lé lórí. Bí ó bá jẹ́ ọdún ọ̀dá, ó lè má san ju ₦60,000 lọ. Ẹ̀rọ náà kò yí padà. Ìrètí àwọn ènìyàn nípa ohun tí ẹ̀rọ yóò mú wọlé ni ó yí padà. Bí àwọn tí ó fẹ́ ta irú ìpín bẹ́ẹ̀ bá sì pọ̀, tí àwọn tí ó fẹ́ rà pọ̀ pẹ̀lú, wọn yóò wá ibi kan tí wọn yóò ti máa pàdé. Ibẹ̀ ni ọjà ìpín.

Ọjọ́ irú ọjà bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ ní ayé. Ní ọdún 1602, àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Họ́láńdì dá ilé-iṣẹ́ ńlá kan sílẹ̀ láti máa rán ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlà-oòrùn Éṣíà láti ra ata àti àwọn èròjà olóòórùn dídùn. Nítorí pé ìrìn-àjò náà jìn, tí ọkọ̀ sì lè rì, wọn kò fi í sílẹ̀ fún ọlọ́rọ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìlú Amsterdam ni ó dá owó sí i, àwọn ọmọ-ọ̀dọ̀ sì wà nínú wọn. Láìpẹ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ta ìpín náà láàárín ara wọn. Ní ilẹ̀ wa, ọdún 1960 ni a dá ọjà ìpín ti Èkó sílẹ̀, títà àti rírà sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1961. Ní ọdún 1972 ni ìjọba ṣe òfin tí ó mú kí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ àwọn àjèjì ta apá kan ohun ìní wọn fún ọmọ Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ipa bẹ́ẹ̀ di onípìn-ín. Ní ọdún 1977 ọjà Èkó di ti Nàìjíríà lápapọ̀, láti ọdún 2021 ni a sì ti ń pè é ní NGX. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ìpín kì í lọ fúnra rẹ̀. Alágbàtà tí ìjọba fún ní ìwé-àṣẹ ni yóò bá a rà á. Láti ọdún 1997 ni ilé ìpamọ́ kan tí a ń pè ní CSCS ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn onípìn-ín, èyí tí ó dín wàhálà ìwé tí ó ń sọnù tàbí tí ikán ń jẹ kù.

Àǹfààní méjì ni ó wà fún onípìn-ín. Ọ̀kan ni èrè tí ilé-iṣẹ́ bá pín ní òpin ọdún. Èkejì ni pé ìpín náà lè gbówó lórí. Kò sí èyí tí ó dájú nínú méjèèjì, nítorí àwọn alákòóso lè má pín èrè rárá ní ọdún kan, iye ìpín sì lè lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin fi ààbò kan dá onípìn-ín sí: bí ilé-iṣẹ́ tí gbèsè rẹ̀ ní ààlà bá wó, ẹni tí ó ti san owó ìpín rẹ̀ tán kò ní pàdánù ju owó náà lọ. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ jẹ ní gbèsè kò lè wá gbá àga àti ẹní onípìn-ín lọ ní ilé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ ìyá olóbì. Bí ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ ńlá bá fẹ́ yá owó, kì í lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá kan ṣoṣo. Ó máa ń gé gbèsè náà sí wẹ́wẹ́, yóò sì tà á fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ìwé gbèsè yìí ni a ń pè ní bọ́ǹdì. Ó ń sọ iye tí a yá, iye èlé tí a ó máa san, àti ọjọ́ tí a ó dá odindi owó padà. Ní ọdún 1946 ni ìjọba Nàìjíríà kọ́kọ́ ta irú ìwé bẹ́ẹ̀ nílé, iye rẹ̀ sì jẹ́ £300,000. Ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́, ọ̀ràn bọ́ǹdì jẹ́ ti àwọn báńkì àti àwọn olówó ńlá. Ní oṣù kẹta ọdún 2017 ni ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń mójútó gbèsè bẹ̀rẹ̀ sí ta bọ́ǹdì fún àwọn tí ń fi owó pamọ́, tí ènìyàn lè fi ₦5,000 bẹ̀rẹ̀. Ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni ó máa ń jẹ́, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni a sì ń san èlé rẹ̀. Bí èlé bá jẹ́ ₦12 lórí ₦100 lọ́dún, ẹni tí ó fi ₦100,000 sílẹ̀ yóò gba ₦3,000 ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, títí a ó fi dá ₦100,000 rẹ̀ padà.

Ìjọba tún máa ń yá owó fún ìgbà kúkurú, ọjọ́ 91, 182 tàbí 364, lórí ìwé tí a ń pè ní Treasury Bill. Níbẹ̀, a máa ń yọ èlé ṣáájú. Bí ènìyàn bá san ₦90,000 lónìí tí yóò sì gba ₦100,000 ní ọjọ́ tí ó bá pé, ₦10,000 ni èrè rẹ̀. Àwa tí a ń kọ́ ìṣirò yóò ṣàkíyèsí pé lórí ₦90,000 ni ó ti jẹ èrè náà, kì í ṣe lórí ₦100,000. Nítorí náà ó ju ₦11 lọ lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bọ́ǹdì kò ní ewu. Ewu rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó wà. Èkínní, ẹni tí ó yá owó lè ṣàìsan án, pàápàá bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́. Èkejì, bí ọjà bá gbówó lórí ju èlé lọ, awínni ń pàdánù láìmọ̀: bí èlé bá jẹ́ ₦12 lórí ₦100, tí ohun tí a ń rà ní ₦100 sì di ₦120, owó pọ̀ sí i ṣùgbọ́n oúnjẹ dín kù. Ẹ̀kẹta ni ti ẹni tí ó bá fẹ́ ta bọ́ǹdì kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Bí ìwé tirẹ̀ bá ń mú ₦100 wá lọ́dún lórí ₦1,000, tí ìjọba sì wá ń ta ìwé tuntun tí ń mú ₦150 wá lórí iye kan náà, ta ni yóò san ₦1,000 fún ti àtijọ́? Ó ní láti dín iye rẹ̀ kù kí ó tó rí olùrà. Nítorí náà, nígbà tí èlé bá ń gòkè, iye bọ́ǹdì àtijọ́ a máa sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí èlé bá sì ń sọ̀ kalẹ̀, tirẹ̀ a máa gòkè. Ẹni tí ó bá lè dúró de ọjọ́ rẹ̀ kò ní ìdí láti bẹ̀rù èyí.

Ẹnìkan lè béèrè pé: olùkọ́ tí ó ní ₦20,000 péré, báwo ni yóò ti ṣe mọ ilé-iṣẹ́ tí ó dára, báwo ni yóò sì ti ṣe ra ìpín ogún ilé-iṣẹ́, kí ó má bà á jẹ́ pé gbogbo ẹyin rẹ̀ ni ó fọ́ bí ọ̀kan bá wó? Ìdáhùn sí èyí ni ohun tí a ń pè ní mutual fund, tí a lè pè ní àpò àjọdókòwò. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn dá owó kéékèèké sínú àpò kan, wọ́n sì fi í lé alámòójútó tí ó mọ iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Ó fi owó náà ra ìpín púpọ̀, tàbí bọ́ǹdì, tàbí méjèèjì, èrè tàbí àdánù sì kan olúkúlùkù gẹ́gẹ́ bí iye tí ó dá. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá wó nínú ogún, ìkan nínú ogún ni ó lọ.

Ìlú Boston ní Amẹ́ríkà ni a ti dá irú àpò bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè wọ̀ tí ó sì lè jáde nígbà tí ó bá fẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1924. Ó yẹ kí ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ mọ ohun méjì. Àkọ́kọ́, àpò kò sọ ewu di òfo. Àpò tí ó kún fún ìpín yóò lọ sílẹ̀ bí gbogbo ọjà bá lọ sílẹ̀. Èkejì, alámòójútó ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdọọdún, yálà ó jèrè yálà kò jèrè. Bí àpò bá jèrè ₦10 lórí ₦100, tí alámòójútó sì gba ₦2, ìdá kan nínú márùn-ún èrè náà ni ó lọ. Ọ̀ràn yìí ni John Bogle ará Amẹ́ríkà rò nígbà tí ó dá àpò kan sílẹ̀ ní ọdún 1976 tí kì í ṣa ìpín, ṣùgbọ́n tí ó ń ra díẹ̀ nínú gbogbo àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí a kọ sínú òṣùwọ̀n ọjà, kí owó iṣẹ́ lè kéré. Nígbà náà àwọn kan fi í ṣe ẹlẹ́yà. Lónìí irú àpò bẹ́ẹ̀ wà káàkiri ayé.

Bí ọ̀ràn ti rí nìyí nígbà tí ohun gbogbo bá ń lọ déédéé. Ṣùgbọ́n àwa ọmọ Nàìjíríà ti rí ìgbà tí kò lọ déédéé, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ sì níye lórí ju ìwé lọ.

Nígbà tí ìjọba pàṣẹ pé kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní owó ìpìlẹ̀ tí kò dín ní ₦25,000,000,000 kí ọdún 2005 tó parí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ta ìpín fún gbogbo ènìyàn. Iye ìpín bẹ̀rẹ̀ sí gòkè. Olùkọ́, oníṣòwò, òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì, gbogbo wọn ń rà. Àwọn báńkì pàápàá ń yá ènìyàn lówó láti fi ra ìpín. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta ọdún 2008, òṣùwọ̀n ọjà dé 66,371. Lẹ́yìn náà ni ìdàrúdàpọ̀ owó bẹ́ sílẹ̀ ní gbogbo ayé, àwọn àjèjì bẹ̀rẹ̀ sí kó owó wọn lọ, àwọn báńkì ń béèrè owó tí wọ́n yáni, gbogbo ènìyàn sì fẹ́ tà lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ọdún náà fi máa parí, òṣùwọ̀n ti sọ̀ kalẹ̀ sí 31,450. Ọdún 2023 ni ó tó padà dé ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Ọmọ tí a bí ní ọdún tí ó wó ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíràmà kí ó tó padà, bẹ́ẹ̀ ni náírà ìgbà náà kò sì rà iye ohun tí ti àkọ́kọ́ rà mọ́.

Àwọn wo ni ó jìyà jù? Kì í ṣe gbogbo àwọn tí ó ní ìpín. Ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ rà á lè dúró, kí ó sì máa gba èrè díẹ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó lágbára bá pín. Ẹni tí ó fi gbèsè rà á ni ó kú ikú owó. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ọkùnrin kan ní ₦100,000, ó yá ₦200,000 kún un, ó sì ra ìpín ₦300,000. Iye ìpín dín kù sí ìdajì, ó di ₦150,000. Báńkì ń béèrè ₦200,000 pẹ̀lú èlé. Bí ó bá ta gbogbo rẹ̀, ₦100,000 tirẹ̀ ti lọ, ó sì tún jẹ ₦50,000 àti èlé lórí rẹ̀. Ọjà ṣubú sí ìdajì, ṣùgbọ́n òun ṣubú kọjá ilẹ̀. Nítorí èyí ni a fi ń bẹ ẹlẹgbẹ́ wa gbogbo: ẹ má ṣe yá owó ra ìpín láéláé.

Ìyọnu kejì kì í ṣe ti ìdókòwò rárá, ṣùgbọ́n ó máa ń wọ aṣọ rẹ̀. Ní Boston kan náà tí a dárúkọ lókè yìí, ní ọdún 1920, ọkùnrin kan tí à ń pè ní Charles Ponzi ṣe ìlérí èrè ìdajì owó ní ọjọ́ 45. Kò sí òwò tí ó ń mú èrè náà wá. Owó ẹni tí ó dé lónìí ni ó fi ń san fún ẹni tí ó dé lánàá. Nígbà tí àwọn tí ń bọ̀ kò tó mọ́, ó wó. Ní ilẹ̀ wa, MMM, tí Sergei Mavrodi ará Rọ́ṣíà dá sílẹ̀, ṣe ìlérí ₦30 lórí ₦100 ní oṣù kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kejìlá ọdún 2016 ni ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn ènìyàn lójú, nígbà tí ọdún Kérésìmesì kù sí dẹ̀dẹ̀, tí owó ilé-ẹ̀kọ́ oṣù kìíní sì wà nínú rẹ̀.

Olùkọ́ tí ó bá mọ ìṣirò kò yẹ kí ó bọ́ sínú irú pàkúté bẹ́ẹ̀. Bí ₦10,000 bá ń fi ₦30 lórí ₦100 kún ara rẹ̀ lóṣooṣù, yóò ju ₦230,000 lọ ní ọdún kan; ní ọdún mẹ́ta yóò ju ₦126,000,000 lọ. Òwò wo ni ó wà ní abẹ́ oòrùn tí ó lè ṣe èyí fún ènìyàn kan, kí a má tilẹ̀ sọ fún gbogbo ìlú? Àwọn àgbà ní ẹni tí ó gbin ọgọ́rùn-ún ebè tí ó ní igba ni òun gbìn, bí ó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Òfin ìdókòwò tí ìjọba ṣe ní ọdún 2025 ti dárúkọ irú ẹ̀tàn yìí, ó sì fi ẹ̀wọ̀n sí i fún àwọn tí ń dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n ẹlẹ́tàn kì í dá owó padà sí àpò ẹni tí a tàn.

Nítorí náà, kí a tó fi owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ìbéèrè mẹ́rin ni kí a bi í. Èkínní: ta ni ìwọ tí o ń gba owó náà, orúkọ rẹ sì wà nínú ìwé àjọ SEC tí ìjọba fi ń ṣọ́ ọ̀ràn ìdókòwò? Èkejì: iṣẹ́ wo gan-an ni owó náà yóò lọ ṣe, onípìn-ín ni mo jẹ́ tàbí awínni? Ẹ̀kẹta: nígbà wo ni mo lè gbà á, kí ni yóò sì dín nínú rẹ̀ bí mo bá gbà á kí ọjọ́ tó pé? Ẹ̀kẹrin: bí ohun gbogbo bá bàjẹ́, kí ni yóò ṣẹ́kù fún mi? Ẹni tí ó bá bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí ti dáhùn wọn.

Fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba owó oṣù, ìlànà tí ó dára ni èyí. Kí ó kọ́kọ́ san gbèsè tí èlé rẹ̀ pọ̀. Lẹ́yìn náà kí ó kó owó oṣù mẹ́ta jọ sí ibi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o, nítorí àìsàn kì í dúró de ọjọ́ bọ́ǹdì. Owó tí yóò lò ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta sí i, bí owó ìyàwó tàbí ti ilé-ẹ̀kọ́ àbúrò, kí ó wín ìjọba. Owó tí kò ní béèrè fún ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nìkan ni kí ó fi di onípìn-ín, kí ó má sì fi gbogbo rẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Kí ó sì máa jẹ́ kí èrè bí èrè. ₦100,000 tí ń mú ₦10 wá lórí ₦100 lọ́dún, bí a bá ń ná èrè náà, ₦100,000 ni yóò jẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá; bí a bá ń dá èrè náà padà sí i, yóò ju ₦259,000 lọ. Kì í ṣe ọgbọ́n ni ó ṣe èyí, sùúrù ni.

Gbogbo wa ni a mọ ìtàn ìránṣẹ́ tí ó ri tálẹ́ńtì rẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Kò jí owó olúwa rẹ̀, kò sì ná an. Ìbẹ̀rù ni ó mú un gbẹ́ ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ìbẹ̀rù yóò mú ṣe bíi tirẹ̀, ojúkòkòrò yóò sì mú àwọn mìíràn sáré tọ ẹlẹ́tàn lọ. Ìmọ̀ ni ó lè gbà wá lọ́wọ́ méjèèjì. Bí a bá sì dé àárín àwọn ọmọ tí a ó kọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ẹ̀kọ́ èlé mọ sí ojú pátákó. Ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ fún wọn, kí a bi wọ́n léèrè ẹni tí wọn fẹ́ jẹ́ nínú àgbẹ̀ mẹ́wàá àti ìyá olóbì, kí a sì ní kí wọ́n sọ ìdí rẹ̀. Ọmọ tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè náà ní kíláàsì kẹfà kò ní rọrùn láti tàn nígbà tí ó bá di àgbà.